Ṣé òótọ́ ni pé ẹja àti mílíìkì kò gbọdọ̀ pàdé nínú ikùn?

Ìyá Ìbejì (Èpè) béèrè pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, oòrùn mú gan-an, gàrí Ìjẹ̀bú ni mo sì ní kí àwọn ọmọ mu. Mo bu mílíìkì àti ṣúgà sí i, mo din títùs tì í. Kò tíì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ojú Táyé fi gbóná, tí ara ń yún un láti ọrùn dé àyà, tí ó sì ń sunkún pé orí ń fọ́ òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo rẹ̀ ti rọlẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin, tí ó ń kọ́ yóga ní Ìkòròdú, ní ẹ̀bi mi ni, nítorí pé láti ayébáyé ni àwọn oníṣègùn ilẹ̀ Íńdíà ti kà á léèwọ̀ kí ènìyàn jẹ ẹja pọ̀ mọ́ mílíìkì. Ìyá ọkọ mi kò gbà. Wọ́n ní etí ọ̀sà ni wọ́n bí àwọn sí, ẹja ni àwọn fi ń mu gàrí láti kékeré, àti pé bí ohun kan bá wà nínú gàrí náà tí ó yẹ kí a bẹ̀rù, ṣúgà tí ń fa jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ọkàn mi kò balẹ̀. Ṣé kí n ya ẹja àti mílíìkì sọ́tọ̀ pátápátá ni?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì (Ìkòròdú) fèsì:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ọdún mẹ́rin ni mo fi kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Bangalore ní ilẹ̀ Íńdíà, inú ilé ẹni tí ń ṣe Ayurveda, ìṣègùn ìbílẹ̀ wọn, ni mo sì gbé, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí mi. Àbúrò yín kò parọ́. Ó wà nínú ìwé àtijọ́ wọn, Charaka Samhita, ní orí 26 apá àkọ́kọ́ rẹ̀. Lójú wọn, iná kan wà nínú ikùn tí wọ́n ń pè ní agni, òun ni ó ń tún oúnjẹ wa sè. Bí iná náà bá rẹ̀yìn, oúnjẹ kò ní dà tán, àṣẹ́kù rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ama yóò sì máa dí àwọn ọ̀nà inú ara. Wọ́n ka mílíìkì sí ohun tútù, wọ́n ka ẹja sí ohun gbígbóná, wọ́n sì gbà pé bí méjèèjì bá pàdé, wọn a máa ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, èyí tí wọ́n fi ń ṣàlàyé àrùn awọ ara. Bákan náà ni wọ́n kìlọ̀ pé kí a má ṣe po oyin àti bọ́tà yíyọ́ ní ìwọ̀n kan náà.

Ṣùgbọ́n ibi tí àwọn tí ń tan ọ̀rọ̀ yìí ká kì í kà dé ni pé orí kan náà sọ pé ohun tí kò bára mu lè má ṣe ẹni tí ó ti mọ́ lára ní nǹkan kan, tàbí ẹni tí ó jẹ ìwọ̀nba, tàbí ọ̀dọ́ tí iná inú rẹ̀ ń jó dáadáa. Lójú tèmi, ìyá ọkọ yín wà lára àwọn tí ìwé náà yọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Badagry) fèsì:

Mo bọ̀wọ̀ fún àlàyé Olùkọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn òde òní kò rí ẹ̀rí pé ẹja àti mílíìkì ń bá ara wọn jà nínú ikùn. Mílíìkì nìkan lè da inú ọ̀pọ̀ àgbàlagbà wa rú, nítorí pé èròjà tí ń tú ṣúgà inú rẹ̀ a máa dínkù lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, ṣùgbọ́n inú wíwú àti ìgbẹ́ gbuuru ni ìyẹn ń fà, kì í ṣe ara yíyún.

Ẹja náà fúnra rẹ̀ ni mo fura sí. Bí títùs, kote tàbí ṣáwà bá kúrò nínú yìnyín tí ó sì pẹ́ nínú ooru, kòkòrò àìfojúrí a máa sọ èròjà kan nínú ẹran rẹ̀ di histamine, èròjà tí ń mú ara yún, epo gbígbóná kò sì lè ba histamine náà jẹ́, fírísà kò lè mú un kúrò. Ẹja náà lè má rùn rárá. Ojú ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè gbóná, kí orí fọ́ ọ, kí ara yún un, nígbà mìíràn ẹja náà a máa ta á lẹ́nu bí ata. Ta ló tún jẹ nínú rẹ̀ láìmu mílíìkì? Báwo sì ni ẹja náà ṣe dé ilé? Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ Táyé wò síbẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé ara rẹ̀ ló kọ ẹja. Bí ètè rẹ̀ bá wú, tàbí tí kò lè mí dáadáa, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.

Ìyá Ìbejì (Èpè) fèsì:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Kẹ́hìndé kì í mu mílíìkì, n kò bu ú sí tirẹ̀, síbẹ̀ òun náà ní ẹja ń ta òun lẹ́nu, mo sì jágbe mọ́ ọn pé n kò fi ata sí i, kó jẹun. Ìbéèrè Nọ́ọ̀sì ló rán mi létí: aago mọ́kànlá ni mo ra títùs náà, yìnyín ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbé e sínú ọ̀rá dúdú sábẹ́ àga ní ilé onídìrí, nígbà tí mo fi délé, aago mẹ́ta ti kọjá, omi sì ń jò láti ìdí ọ̀rá náà. A óò rí dókítà lọ́jọ́ Ajé. Mo ti bẹ Kẹ́hìndé.