Ṣé iṣẹ́ abẹ màmá mi lòdì sí ọgbọ́n Ọlọ́run?

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ ìsìn, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ kan ni kò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Màmá mi ní òkúta nínú àpò òróòro. Bí wọ́n bá ti jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá, abẹ́ ìhà ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n títí dé èjìká, wọn á di àga mú, òógùn á sì bò wọ́n. Dókítà ní kí wọ́n yọ àpò náà kúrò. Màmá ti gbà tẹ́lẹ̀, kí olórí ẹgbẹ́ àdúrà wọn tó sọ pé òun gbọ́ láti òkè: kí wọ́n má fọwọ́ sí i, torí òmùgọ̀ ni ọgbọ́n ènìyàn lójú Ọlọ́run. Kọ́ríńtì Kìn-ín-ní orí 1 ẹsẹ 25 ni wọ́n kà, pé òmùgọ̀ Ọlọ́run gbọ́n ju ènìyàn lọ. Mo gba Bíbélì gbọ́, mi ò sì fẹ́ bá àgbà ìjọ jiyàn. Àmọ́ ẹ̀rù ìyá mi ń bà mí. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Àdúrà
Ọmọ mi, Ọlọ́run á gbọ́ ti màmá. Mi ò ní kí wọ́n má lọ sọ́sibítù o. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Ásà ọba nínú Kíróníkà Kejì orí 16. Àìsàn mú un lẹ́sẹ̀, dókítà nìkan ló sá tọ̀, kò wá Olúwa. Ẹ má jẹ́ kí èsì àyẹ̀wò gba àdúrà lẹ́nu yín.

Olùkọ́ Bíbélì
Òótọ́ lẹ sọ, Mà. Wíwá tí Ásà ò wá Olúwa gan-an ni ẹ̀bi rẹ̀. Hesekáyà ọba ní tiẹ̀, nígbà tó ń ṣàìsàn, sunkún sí Olúwa, Olúwa sì gbọ́. Wòlíì Aísáyà tó mú ìdáhùn wá náà ló ní kí wọ́n fi ìṣù ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀ (Àwọn Ọba Kejì orí 20).

Arábìnrin, kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní Kọ́ríńtì nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ ẹsẹ yẹn? Àwọn ará ń pín sí ọ̀wọ́: èmi ti Pọ́ọ̀lù, èmi ti Àpólò, èmi ti Kéfà. Wọ́n ń fi olórí yangàn. Pọ́ọ̀lù wá ní àgbélébùú táwọn ọlọ́gbọ́n ayé fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni Ọlọ́run fi gbà wá là. Ta ló lè fi ọpọlọ ro ìyẹn? Ibi tí ọgbọ́n wa pin sí nìyẹn. Kò sọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tó mọ bí a ṣe ń yọ òkúta lára ènìyàn.

Ohun tó sì ká mi lára jù ni pé ènìyàn ni ẹni tó ní òun gbọ́ láti òkè náà. Wòlíì tòótọ́ ni Nátánì, síbẹ̀ ó ní kí Dáfídì lọ ṣe gbogbo ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ nípa ilé Olúwa. Lóru ọjọ́ yẹn ni Olúwa rán an padà pé Dáfídì kọ́ ló máa kọ́ ọ (Sámúẹ́lì Kejì orí 7). Bí ọgbọ́n ènìyàn bá ní ààlà, ti àwa tí à ń wàásù náà ní ààlà.

Nọ́ọ̀sì Onígbàgbọ́
Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹyin ojú màmá bá pọ́n rúsúrúsú, tàbí tí ibà dara pọ̀ mọ́ ìrora, ẹ gbé wọn lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Òkúta lè ti dí ọ̀nà òróòro nìyẹn. Ènìyàn lè wà láìsí àpò yẹn. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe òróòro. Ẹ bi dókítà ní ewu tó wà nínú iṣẹ́ abẹ, kẹ́ ẹ sì bi í ní ewu tó wà nínú dídúró. Àwa náà mọ ibi tí agbára wa mọ. Kí iṣẹ́ abẹ tó bẹ̀rẹ̀, a máa ń ka irinṣẹ́ àti òwú. Kí wọ́n tó rán ojú ọgbẹ́ pa, a tún máa kà wọ́n, torí ènìyàn lè gbàgbé. Mo máa ń gbàdúrà bí mo ṣe ń kà.

Ọ̀dọ́ Ìjọ
Bí wọ́n bá ṣe é tí kò wá lọ dáadáa ńkọ́? Ṣé wọn ò ní sọ pé àìgbọràn ló fà á?

Olùkọ́ Bíbélì
Wọ́n lè sọ ọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, Olúwa sì bínú sí wọn ní orí 42. Láti orí 38 ni Olúwa ti ń bá Jóòbù sọ̀rọ̀, kò sì sọ ìdí tí ìyà fi jẹ ẹ́. Ẹ̀tọ́ wo la wá ní láti hùmọ̀ ìdí lé aláìsàn lórí?

Olùbéèrè
Ẹ ṣé gan-an ni. Màá ka ìtàn Hesekáyà fún màmá lálẹ́ òní, lẹ́yìn náà àwọn fúnra wọn ni wọ́n máa pinnu. Màá bẹ pásítọ̀ kí wọ́n wá gbàdúrà pẹ̀lú wọn.

Ìyá Àdúrà
Bí wọ́n bá ti dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ sọ fún wa níbí, ká lè gbààwẹ̀.