PLC ibùdó pọ́ǹpù mẹ́ta lórí 4G: báwo la ṣe máa wò wọ́n láti ọ́fíìsì láìṣílẹ̀kùn fún gbogbo ayé?

Amójútó_Tánkì:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ibùdó pọ́ǹpù omi mẹ́ta la fẹ́ máa mójú tó láti ọ́fíìsì. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, PLC kan (kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí pọ́ǹpù) wà tó ń sọ Modbus TCP (èdè tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀), HMI kan (scírínì tí òṣìṣẹ́ fi ń wo ẹ̀rọ) wà lójú pánẹ́ẹ̀lì, ráútà 4G kan sì wà tó ń lo káàdì SIM lásán. Bí omi ṣe ga tó nínú tánkì, ìfúnpá inú páìpù, iná tí mọ́tò ń fà àti aláàmù la fẹ́ rí, bíi tag (ohun tí à ń wò) 40 ní ibùdó kan. A ò fẹ́ tan pọ́ǹpù láti òkèèrè, a ò sì fẹ́ pa á.

Agbaṣẹ́ṣe tó gbé pánẹ́ẹ̀lì kalẹ̀ ní ká ṣí pọ́ọ̀tì (ilẹ̀kùn lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) 502 sí PLC àti 5900 sí HMI lórí ráútà, ká wá fi pásíwọ́ọ̀dù tó le sí i. Lójú tèmi, ó jọ ẹni tó fi iná sórí òrùlé tó lọ sùn. Àbí mo kàn ń ṣojo ni? Tí kì í bá ṣe báyẹn la ó ṣe é, báwo ni ká ṣe é?

Wáyà_Mẹ́rin:

Ẹ ò ṣojo rárá. Modbus ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù. Ibo lẹ fẹ́ fi èyí tó le náà sí? Ẹni tó bá ti kan pọ́ọ̀tì 502 lè fi function code (nọ́ńbà àṣẹ Modbus) 3 ka rẹ́jísítà (àpótí nọ́ńbà inú PLC), ó sì lè fi 6 tàbí 16 kọ ohun tó wù ú sínú rẹ̀. PLC ò ní bi í pé ta ló rán an. Ti VNC náà, ìyẹn ọ̀nà wíwo scírínì HMI láti òkèèrè tó ń lo 5900, ò sàn: ọ̀pọ̀ HMI ṣì ń lo pásíwọ́ọ̀dù VNC àtijọ́ tí kì í kà ju lẹ́tà 8 lọ. Gbogbo èyí tẹ́ ẹ bá tẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, afẹ́fẹ́ ni.

Ẹ má sì sọ pé ta ló mọ̀ wá. Shodan, ẹ̀rọ tó ń wá ohun èlò tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àti àwọn irú rẹ̀ ń kan ilẹ̀kùn àdírẹ́ẹ̀sì íńtánẹ́ẹ̀tì kiri tọ̀sán-tòru. Kẹ́ ẹ gbé 502 lọ sí 50502 ò yí nǹkan kan padà, torí ìdáhùn ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń dá a mọ̀, kì í ṣe nọ́ńbà ilẹ̀kùn. Irú ibùdó tiyín yìí gan-an ni wọ́n wọ̀ ní Aliquippa, ní Pennsylvania, ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. PLC Unitronics tó ń ṣọ́ ìfúnpá omi wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbangba, ọwọ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ padà fi ń ṣiṣẹ́ ibẹ̀. Lẹ́yìn náà ni CISA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò kọ̀ǹpútà, kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tó ní irú ẹ̀rọ náà pé kí wọ́n pa pásíwọ́ọ̀dù 1111 tó bá a wá dà, kí wọ́n sì gbé e kúrò ní gbangba.

Ohun kan tún wà tí agbaṣẹ́ṣe yín lè má tíì wò. Ẹ wọ ojú ìwé ráútà, kẹ́ ẹ wo WAN IP (àdírẹ́ẹ̀sì tí ráútà ní lójú ìta). Tó bá bọ́ sáàárín 100.64.0.0 sí 100.127.255.255, ẹ̀yìn CGNAT (àdírẹ́ẹ̀sì kan tí iléeṣẹ́ 4G ń pín fún ọ̀pọ̀ oníbàárà) lẹ wà. Ẹ ṣí pọ́ọ̀tì títí ilẹ̀ ó fi ṣú, kò sẹ́ni tó máa wọlé. Wọ́n á wá ní kẹ́ ẹ ra static IP (àdírẹ́ẹ̀sì tí kì í yí padà). Ẹ má rà á. Ibùdó ni kó máa pe ìta, kí ìta má pe ibùdó.

Sẹ́fà kékeré kan, WireGuard (irú VPN kan, ọ̀nà abẹ́lẹ̀ oníkọ́kọ́rọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì) lórí rẹ̀, pọ́ọ̀tì UDP 51820 nìkan ló máa ṣí. WireGuard kì í dá ẹni tí kò ní kọ́kọ́rọ́ lóhùn, nítorí náà ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn kiri ò ní mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Lórí ráútà ibùdó:

[Peer]
PublicKey = kọ́kọ́rọ́ gbangba ti sẹ́fà
Endpoint = àdírẹ́ẹ̀sì sẹ́fà:51820
AllowedIPs = 10.20.0.1/32
PersistentKeepalive = 25

Ẹ má kọ 0.0.0.0/0 sí AllowedIPs, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo ohun tó ń jáde ní ibùdó ló máa gba orí sẹ́fà yín kọjá. Keepalive, ìkíni kékeré ní ìṣẹ́jú àáyá 25 síra, ló ń jẹ́ kí CGNAT má gbàgbé yín. Kò ju nǹkan bíi 200 KB lọ lóòjọ́. Ẹ yí nẹ́tíwọ́ọ̀kì inú ibùdó padà pẹ̀lú: tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ wà lórí 192.168.1.0/24, sẹ́fà ò ní mọ èwo ni èwo. 10.20.1.0/24, 10.20.2.0/24, 10.20.3.0/24 ti tó. Orí ráútà fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti ṣe kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀, kó má jáde níbẹ̀. Kì í ṣe ohun à ń fi WhatsApp ránṣẹ́. Tí ping (ìkésíni ìdánwò) bá ń lọ àmọ́ tí ojú ìwé ń há sójú kan, ẹ dín MTU (bí ẹrù dátà kọ̀ọ̀kan ṣe lè tóbi tó) kù sí 1280.

Ọ̀pá_Ìwọ̀n:

Òótọ́ ni Wáyà_Mẹ́rin sọ, àmọ́ mi ò ní dúró síbẹ̀. VPN yìí ń ti ilẹ̀kùn mọ́ àjèjì. Kí ni yóò ṣe fún kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tí fáírọ́ọ̀sì ti wọ̀? Ọ̀nà abẹ́lẹ̀ yín ni yóò gbà, tààrà sí pọ́ọ̀tì 502. Ẹ ti ní ẹ ò fẹ́ ṣàkóso láti òkèèrè, ẹ fẹ́ wò ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ wíwò lóòótọ́.

Ẹ fi gateway (kọ̀ǹpútà kékeré alárinà) oníbùsọ̀ méjì sáàárín, ìyẹn èyí tó ní ojú Ethernet méjì. Ojú kan kọ sí PLC, ojú kejì kọ sí ráútà, kí ip_forward sì jẹ́ 0, kí ohunkóhun má lè ti ojú kan kọjá sí èkejì. Gateway á máa fi function code 3 ka PLC nílé, á wá máa fi MQTT (ìlànà ìfiránṣẹ́ fún ẹ̀rọ) gbé ohun tó kà lọ sí broker (sẹ́fà tó ń gba iṣẹ́ tó sì ń pín in) lórí pọ́ọ̀tì 8883 pẹ̀lú TLS (ìdáàbòbò tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ní àṣírí). Ráútà ò gbọ́dọ̀ mọ àdírẹ́ẹ̀sì PLC rárá. HMI náà, ẹ fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ PLC.

Nínú PLC, ẹ kọ ìlà díẹ̀ tó ń ṣe ẹ̀dà tag 40 yẹn sójú kan, ká ní láti 40101 lọ. Float kan (nọ́ńbà onídẹ́símà) ń gba rẹ́jísítà 2, ó di 80. Modbus gbà kí ẹ ka tó 125 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ìbéèrè kan péré ti tó. 40101 lójú ìwé, àdírẹ́ẹ̀sì 100 ni lórí wáyà. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi rẹ́jísítà kan ṣìnà. Tí ìfúnpá tó yẹ kó jẹ́ 25.0 bá ń fara hàn bí 2.36e-41, sẹ́ńsọ̀ ò bàjẹ́: rẹ́jísítà méjèèjì ló gba ipò ara wọn, ẹ yí word order padà.

Kọ́kọ́rọ́ iwájú PLC, tó bá ní, ẹ yí i sí RUN kẹ́ ẹ sì yọ ọ́. Nígbà ìkọlù Triton (fáírọ́ọ̀sì tó dojú kọ ẹ̀rọ ààbò iléeṣẹ́) ní ọdún 2017, ẹ̀rọ ààbò tí wọ́n kọlù wà ní PROGRAM, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n rí nǹkan kọ sí i. Àmọ́ kó má tàn yín o: lórí ọ̀pọ̀ PLC, RUN ń dáàbò bo prógíráàmù ni, kò ní kí Modbus má kọ nǹkan sí rẹ́jísítà.

Ti dátà ńkọ́? Tag 40, ní ìṣẹ́jú àáyá 5 síra, tí kálukú bá ń lọ nínú iṣẹ́ tirẹ̀ tó tó báìtì 120, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 83 MB lóòjọ́, ìyẹn bíi 2.5 GB lóṣù fún ibùdó kan. Ẹ dì wọ́n pọ̀ sínú ẹyọ kan, kẹ́ ẹ sì fi deadband sí i: kí ìwọ̀n omi má jáde àfi tó bá yí ju sẹ̀ǹtímítà 1 lọ. Aláàmù ò ní deadband, kíá ló ń lọ, pẹ̀lú QoS 1 (kí MQTT máa tún un rán títí broker á fi jẹ́wọ́ pé ó dé). Ẹ jẹ́ kí gateway máa tọ́jú èyí tí kò rí rán nígbà tí 4G bá lọ, kó sì fi àkókò sí i lára látibẹ̀. Lórí mosquitto, ìyẹn broker MQTT kan, `pattern write ibudo/%u/#` kò ní jẹ́ kí ibùdó kan purọ́ lórúkọ èkejì.

Amójútó_Tánkì:

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Gateway oníbùsọ̀ méjì ni màá mú. Nǹkan méjì ló kù. Báwo la ṣe máa mọ̀ pé nọ́ńbà tó wà lójú scírínì ṣì jẹ́ tòní, kì í ṣe èyí tó ti gan síbẹ̀? Agbaṣẹ́ṣe sì ní òun gbọ́dọ̀ máa rí PLC láti òkèèrè tí òun bá fẹ́ tún prógíráàmù ṣe.

Agogo_Pánẹ́ẹ̀lì:

Ẹ jẹ́ kí PLC máa ka 1 kún rẹ́jísítà kan ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Tí nọ́ńbà yẹn ò bá yí fún ìṣẹ́jú àáyá 60, kí gbogbo ojú ìwé ibùdó náà di eérú, kí aláàmù sì dún. Inú PLC ni kó ti wá, kì í ṣe inú gateway. Wáyà PLC lè já, kí gateway ṣì máa fi ohun tó kà gbẹ̀yìn ránṣẹ́ tayọ̀tayọ̀, tí tánkì á sì máa kún àkúnwọ́sílẹ̀ nígbà tí scírínì ń fi àwọ̀ ewé hàn. Last will ti MQTT (ìkéde tí broker ń ṣe tí ibùdó bá ṣàdédé lọ) dára, àmọ́ tí keepalive bá jẹ́ 60, broker á dúró tó ìṣẹ́jú àáyá 90 kó tó kéde pé ibùdó ti lọ, kò sì mọ ohunkóhun nípa PLC.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà ni aago. Iná lọ, gateway tí kò ní bátìrì RTC (aago inú ẹ̀rọ) jí, ó rò pé ọdún 1970 ni. TLS á ní ìwé-ẹ̀rí broker kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, á kọ̀ láti sọ̀rọ̀. WireGuard burú jù bẹ́ẹ̀: ó ń fi àkókò sínú ìkíni àkọ́kọ́, sẹ́fà sì máa ń kọ èyí tó bá ti pẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, láìsọ nǹkan kan. Tí NTP (ètò tó ń gba àkókò látorí íńtánẹ́ẹ̀tì) bá wá ń gba inú WireGuard yìí kan náà kọjá, ẹ ti há: aago ń dúró de VPN, VPN ń dúró de aago. NTP ní láti gba ìta lọ. Ẹ ra gateway tó ní RTC, bátìrì CR2032 ló sábà máa ń lò, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tẹ́ ẹ fi sí i mọ́ ara rẹ̀.

Ní ti agbaṣẹ́ṣe, kò burú kó wọlé, àmọ́ kó má ní ilẹ̀kùn tirẹ̀ tó ń ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹ fi switch oníkọ́kọ́rọ́ sí ara pánẹ́ẹ̀lì, kó máa fún timer relay (swíìṣì tó ń pa ara rẹ̀ tí àkókò bá pé) níná, kí relay náà sì máa fún ráútà VPN kékeré mìíràn níná fún wákàtí 2 péré. Ráútà kejì yìí nìkan ló máa kan PLC. Ẹni tó bá wà ní ibùdó ló máa yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́yìn tó bá ti gba ìpè, tó sì ti rí i pé kò sẹ́ni tó na ọwọ́ sí pọ́ǹpù. Orúkọ àti kọ́kọ́rọ́ VPN tirẹ̀ ni kó lò, kì í ṣe ti gbogbogbòò. Kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kó kọ́kọ́ fa prógíráàmù tó wà nínú PLC jáde, kó fún yín ní ẹ̀dà. Tó bá ní wákàtí 2 kò tó, kí wọ́n tún yí kọ́kọ́rọ́ náà.