Àbọ̀ ìbéèrè mi: ìwádìí láìní mástà

Ẹ kú àdúrótì o. Mo fẹ́ pa ọ̀rọ̀ yìí dé. Ohun tí mo bèèrè ni pé ṣé ẹni tó ní HND nìkan, tó ń ṣiṣẹ́ ní Gwagwalada, lè gbé ìwádìí rẹ̀ jáde nínú jọ́nà, ìyẹn ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ti ń tẹ ìwádìí jáde.

Ó ṣeé ṣe. Iṣẹ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kì í ṣe sátífíkéètì. Níbi orúkọ iléeṣẹ́, ẹ kọ "Independent Researcher", kí ẹ fi nọ́ńbà ORCID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ olùṣèwádìí) sí i, ọ̀fẹ́ ni.

Ethics, ìyẹn ìlànà tó ń dáàbò bo àwọn tí a fi ń ṣèwádìí, ló ń pa iṣẹ́ jù. Tí ẹ bá fẹ́ bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ ethics gbọ́dọ̀ ti fọwọ́ sí i kí ẹ tó bi ẹnì kan ní ìbéèrè. Tí ẹ bá ti kó ìdáhùn jọ tán, ẹ̀pa ò bóró mọ́: wọn kì í sábà fọwọ́ sí ohun tó ti kọjá, eédítọ̀ á sì bèèrè nọ́ńbà ìwé àṣẹ náà.

Ní ti owó, DOAJ, àkójọ àwọn jọ́nà tí ẹnikẹ́ni lè kà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ní àyè tí ẹ ti lè ṣa àwọn jọ́nà tí kì í gbowó lọ́wọ́ òǹkọ̀wé sọ́tọ̀. Èyí tó bá ní òun á tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sá fún un. Ọ̀gá tó bá sì ní kí ẹ kọ orúkọ òun sí i bí òǹkọ̀wé torí pé Dókítà lòun, láìfọwọ́ kan iṣẹ́, ẹ má gbà fún un.