Ìyá wà níbẹ̀, ọmọ ò wá a. Kí la lè ṣe?

Ìyá Bọ́lú, Ṣágámù

Ẹ kúulé o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn, òun ni mo ní kí n wá bi yín. Àbúrò ọkọ mi obìnrin bímọ, ọmọ ti ń lọ sí oṣù méje báyìí, ọmọ kékeré lòun fúnra ẹ̀, kò tíì pé ogún ọdún, ẹni tó fún un lóyún ti bá tiẹ̀ lọ Èkó kò sì gbé fóònù mọ́, ọ̀dọ̀ wa níbí ló wà. Ó ń fún ọmọ lọ́mú o, ó ń wẹ̀ ẹ́, ọmọ ò rù. Àmọ́ tó bá ń fún un lọ́mú, ògiri ló máa ń wò, kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í bá a ṣeré, tó bá ti mu tán ó ti tẹ́ ẹ sórí ẹní nìyẹn. Ọmọ yẹn náà wá ń ṣe bí àgbàlagbà, ẹni tó bá gbé e ló ń bá lọ, ìyá ẹ̀ jáde kò wẹ̀yìn, ìyá ẹ̀ wọlé kò yíjú, fáànù ló máa ń wò ṣáá.

Màmá ọkọ mi ti ní àwọn máa gba ọmọ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó kí ìyá ẹ̀ lè parí iṣẹ́ télọ̀ tó ń kọ́, wọ́n ní ọ̀lẹ ni, kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ. Ọkọ mi ti gbà. Èmi ọkàn mi ò gbà á, mi ò sì mọ ohun tí màá bá wọn sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì àgbà, Ìpẹru (mo ti fẹ̀yìntì)

Ìyá Bọ́lú, ẹ ṣé tẹ́ ẹ rí i. Ọmọ tí kì í dà wọ́n láàmù, ọmọ jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn máa ń pè é, ẹnikẹ́ni ò ní wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n láti bí oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ló yẹ kọ́mọ ti máa mọ ẹni tiẹ̀ yàtọ̀, kó máa fojú wá a, kó sunkún tó bá fẹ́ jáde. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mary Ainsworth lọ sí Uganda ní 1954, ó ń lọ láti ilé dé ilé nítòsí Kampala, ó ń wo ìyá àti ọmọ ọwọ́. Ó rí i pé ọmọ tí ìyá ẹ̀ máa ń kíyè sí dáadáa ló lè rákòrò lọ ṣeré kó tún sáré padà wá dì mọ́ ọn. Ọmú nìkan kọ́ ló ń so ìyá mọ́ ọmọ.

Ìyá ọmọ gan-an lẹ kọ́kọ́ máa wò. Ẹ bi í bó ṣe ń sùn, bó ṣe ń jẹun, bóyá ó ń sunkún lóun nìkan lálẹ́. Àìsàn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lẹ́yìn ìbímọ wà, kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe iṣẹ́ ayé, ó sì ní ìtọ́jú. Ìbéèrè mẹ́wàá kan wà tí wọ́n gbé jáde ní Edinburgh ní 1987 tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ mú un lọ sí hẹ́lìtì sẹ́ńtà, tó bá wúwo ju agbára wọn lọ wọ́n á kọ̀wé fún yín lọ OOUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì níbẹ̀ ní Ṣágámù, ilé ìwòsàn àìsàn ọpọlọ ti Àró náà wà l'Ábẹ́òkúta. Tó bá lè sọ̀rọ̀ pé òun fẹ́ kú tàbí pé òun lè ṣe ọmọ léṣe, ẹ má dúró di ọ̀la, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ ní àwọn nìkan. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n yẹ etí àti ojú ọmọ yẹn wò, torí ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa náà kì í yíjú.

Bàbá Tómi, Ìjẹ̀bú-Òde

Èmi ò rí ohun tó burú nínú kí màmá gba ọmọ. Ìyá àgbà ló tọ́ mi dàgbà, mo sì fẹ́ràn ìyá mi. Ọmọdébìnrin yẹn gbọ́dọ̀ ní iṣẹ́ lọ́wọ́.

Màmá Àkànní, Ìkẹ́nnẹ́

Bàbá Tómi, mo gbọ́ yín, àmọ́ ẹ̀ẹ́ ti tó ọmọ ọdún mélòó nígbà yẹn? Ọmú ṣì ni eléyìí ń mu. Tí wọ́n bá gbé e lọ, ìyá ẹ̀ á gbà pé òótọ́ ni pé òun ò wúlò. Kí màmá wá sí Ṣágámù dípò kọ́mọ lọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Kí wọ́n dáná, kí wọ́n fọ aṣọ, kí wọ́n gbé ọmọ lọ́sàn-án kí ìyá ẹ̀ lè sùn, òun ni ìrànlọ́wọ́. Àmọ́ ìwẹ̀ ìrọ̀lẹ́, kí ìyá ẹ̀ wẹ̀ ẹ́ fúnra ẹ̀, kí màmá kàn jókòó tì í. Kó fi òrí ra ẹsẹ̀ ẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kó wo ojú ẹ̀, kó máa ki oríkì ẹ̀. Tí ọmọ bá ní "à", kó dá a lóhùn pé "à", kó wá dákẹ́ kó jẹ́ kí ọmọ tún sọ̀rọ̀. Mo ti rí i lọ́dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, kì í yá, ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan lè lọ kọ́mọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín padà. Kẹ́nikẹ́ni má sì pè é ní ọ̀lẹ lójú ẹ̀ mọ́, ẹ bá màmá sọ ìyẹn ná.

Ìyá Bọ́lú

Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti fi ohun tí nọ́ọ̀sì kọ han ọkọ mi, ó ní ká kọ́kọ́ lọ sí sẹ́ńtà kí àwọn tó bá màmá sọ̀rọ̀. Ṣé ọjọ́ abẹ́rẹ́ ọmọ ni ká lọ?

Nọ́ọ̀sì àgbà, Ìpẹru

Rárá o, èrò máa ń pọ̀ jù lọ́jọ́ abẹ́rẹ́, kò ní ráyè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ míì ni kẹ́ ẹ lọ, láàárọ̀. Ẹ bá a wọlé, àmọ́ ẹ jẹ́ kó bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀ lóun nìkan fúngbà díẹ̀. Ẹ mú káàdì ọmọ dání náà, abẹ́rẹ́ ìta (measles) ti oṣù mẹ́sàn-án ò ní pẹ́ dé.