Àbàwọ́n báírò lára ọmọláńgidi onírọ́bà: kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, mo máa ń ṣa ọmọláńgidi onírọ́bà jọ. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi báyìí, àwòṣe ni, irú èyí tí iléeṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ ṣe wò kí wọ́n tó ṣe tọjà. Rọ́bà funfun lásán ni, àfi ojú àti ètè tí wọ́n fọwọ́ kùn.

Ìlà báírò wà ní itan rẹ̀, aró àdìrẹ tí wọ́n fi wé e sì ti ràn mọ́ ọn lẹ́yìn. Ọṣẹ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti ṣí ìdọ̀tí òkè kúrò, ṣùgbọ́n báírò ò gbọ́. Rọ́bà yìí ní èròjà tó ń mú un rọ̀, òun ló ń fa yíǹkì wọnú. Mi ò fẹ́ gbọ́ ti asitóònù rárá, yíyọ́ ló máa yọ́ ọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ní kí n fi kẹrosíìnì nù ún, ẹ dákun, ẹ fi mí sílẹ̀.

Ohun tí mo ń gbọ́ ni ìpara irorẹ́ tó ní benzoyl peroxide 10%: kí n fi pa ojú àbàwọ́n nìkan, kí n fi ọ̀rá bò ó kó má baà gbẹ, kí n wá gbé e sóòrùn. Ta ló ti ṣe é rí? Ẹ̀rù ń bà mí kí ibẹ̀ má lọ funfun ju ara tó kù lọ, ẹ sì mọ bí oòrùn wa ṣe ń mú. 5% ni mo rí rà ní Lágéré. Ṣé ó lè ṣiṣẹ́ náà, àbí kí n dúró de 10%?