Ẹ jọ̀ọ́, ta ló lè bá mi tẹ píánò fún recital Masters? Kíákíá ni o

Alto_Mọ́kọ́lá: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Ẹni tó ń bá mi tẹ píánò ti rìnrìn àjò lójijì, kọmití àwọn olùkọ́ mi sì fẹ́ gbọ́ mi Friday yìí kí wọ́n tó buwọ́ lùwé pé kí n ṣe recital, ìyẹn orin tí mo máa kọ níwájú èrò kí n tó gba Masters. Ta lẹ mọ̀? Kó má wọ́n jù o, mo bẹ̀ yín.

Bàbá Dùùrù: Àbúrò, orin wo lo fẹ́ kọ? O ò sọ. Hymn yàtọ̀ sí orin àwọn òyìnbó bíi Schubert.

Ọmọ Òkè-Àdó: Wọ ṣọ́ọ̀ṣì Anglican èyíkéyìí láti Mọ́létè dé Àrẹ̀mọ, wàá rí atẹdùùrù gidi. Má lọ pe àwọn ọmọ oníkíbọ́ọ̀dù wọ̀nyẹn.

Tẹ́nọ̀ Bódìjà: Ẹ jẹ́ n sọ tèmi o. Ọ̀gá kan gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Lọ́jọ́ recital gan-an, àwọn olùkọ́ mẹ́ta ti jókòó tàwọn ti bírò, ìyá mi ti wọ aṣọ òfì láti àárọ̀, mo ń pe ọ̀gá, kò gbé e, ìgbà tó máa wá gbé e báyìí, alága ìdúró ni mò ń gbọ́ lẹ́yìn ẹ̀ tó ń pariwo pé kí ìyàwó máa jó bọ̀! Òde ìyàwó ló lọ ní Abẹ́òkúta! Wọ́n sún tèmi di sẹ́mẹ́sítà tó tẹ̀lé e, mo tún sanwó ilé ìwé. Owó mi dà? Títí dòní.

Àdùkẹ́ Sango: Háà! Ṣé ọ̀gá pupa yẹn, tó máa ń gẹ fìlà?

Tẹ́nọ̀ Bódìjà: Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Àdùkẹ́ Sango: Òun náà ni. Ó ṣe é fún ẹ̀gbọ́n mi níbi ìsìnkú.

Ìyá Ìbejì: Ta ló máa ṣe small chops yín lọ́jọ́ recital? Àgbowó ni mo wà, ẹ wá sí inbox.

Kọ́ọ̀dù Ńlá: Èmi tí mo jẹ́ oníkíbọ́ọ̀dù, kí ni mo ṣe fún yín? Atẹdùùrù yín wo ló lè gbé orin lọ sí kíì míì lójú ẹsẹ̀ tí akọrin bá ṣìnà?

Bàbá Dùùrù: Kọmití ò wá wo ìyẹn. Wọ́n ṣí ìwé orin sórí itan, wọ́n ń wo nóòtì. Kíbọ́ọ̀dù tẹ́ ẹ ń gbé kiri, ojú títẹ̀ 61 ló ní, orin tí wọ́n kọ fún píánò olójú 88, apá kan ẹ̀ ò tiẹ̀ ní sí níbẹ̀.

Kọ́ọ̀dù Ńlá: Ẹ̀yin lẹ mọ gbogbo ẹ̀.

Alto_Mọ́kọ́lá: Ẹ má bínú. Erlkönig tí Schubert kọ ni ti Jámánì, méjì jẹ́ ti Ítálì, ọ̀kan Faransé, àti orin Yorùbá tí Ayọ̀ Bánkọ́lé kọ.

Bàbá Dùùrù: Erlkönig! Ọmọ yìí! Ọwọ́ ọ̀tún onípíánò ni ẹṣin tó ń sáré nínú orin yẹn, nóòtì kan náà léraléra láìsinmi, ọwọ́ á ti gan kó tó ṣí ìwé dé ìdajì. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ rí ò lè kọ́ ọ dé Friday. Ní kí súpáfáísọ̀ ẹ bá ẹ yọ ọ́.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston: Kó má kàn yọ ọ́ o. Ní ilé ìwé tèmi níbí, kọmití ló ń fọwọ́ sí ètò orin, tó o bá yí ọ̀kan padà láìsọ, ẹjọ́ dé. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú recital ni wọ́n sì ń gbọ́ ẹ, kí àyè àtúnṣe lè wà.

Àdùkẹ́ Sango: Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ là ń wá, ẹ̀yin ń ka òfin.

Ọmọ Òkè-Àdó: Píánò tó wà ní họ́ọ̀lù yẹn ńkọ́, wọ́n ti tún un ṣe látìgbà tí ọyẹ́ ti dé? Ọyẹ́ máa ń gbẹ igi ẹ̀, ohùn á wálẹ̀.

Tẹ́nọ̀ Bódìjà: Wá ẹni tó jáde ní ilé ìwé orin MUSON l'Óníkàn, wọ́n ń ka nóòtì dáadáa. San owó mọ́tò ẹ̀ láti Èkó. Owó iṣẹ́, ó di ìgbà tó bá tẹ̀ ẹ́ tán!

Alto_Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an, Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti rí ẹnìkan. Àbúrò ọkọ mi ni, òun ló ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa l'Ójòó.

Bàbá Dùùrù: Ṣé ó ń ka staff, nóòtì orí ìlà márùn-ún?

Alto_Mọ́kọ́lá: Solfa ni sà, do re mi. Ṣùgbọ́n ó ti ń gbọ́ ọ lórí YouTube láti àná, ó ní kò le.