Kí ló dé tí ìmọ́lẹ̀ aró kan fi ń yí nígbà tí mólékù rẹ̀ bá kó ara wọn jọ?

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Mo ra màkà aláwọ̀ ìyeyè ní ọjà Ouando, mo sì kán aró inú rẹ̀ sínú ife omi. Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì tí àwọn oníṣòwò fi ń yẹ owó bébà wò sí i, omi náà ń tàn yòò, ṣùgbọ́n ibi tí aró ti ki jù ṣú. Olùkọ́ wa ní bí mólékù bá sún mọ́ra jù, ìmọ́lẹ̀ wọn máa ń kú. Síbẹ̀, mo kà pé àwọn aró kan wà tí ó jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá kó jọ gan-an ni wọ́n ń tàn, tí ìmọ́lẹ̀ wọn á sì máa yí sí ọ̀tún tàbí òsì. Báwo ló ṣe rí bẹ́ẹ̀? Ṣé aró èlú tiwa náà lè ṣe é?

Olùkọ́ Kétu:
Àbúrò mi, òótọ́ ni olùkọ́ rẹ sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kan gbogbo aró. Agbára tí mólékù bá gbà lè jáde bí ìmọ́lẹ̀, ó sì lè di ooru. Bí mólékù pẹlẹbẹ bá tò léra gan-an, ooru ló sábà máa ń borí. Ní ọdún 2001, ẹgbẹ́ onímọ̀ kẹ́místrì Ben Zhong Tang ní Hong Kong ròyìn irú mìíràn, èyí tí àwọn apá rẹ̀ ń yí fìrìfìrì nínú ohun olómi, tí agbára rẹ̀ sì ń bá yíyí náà lọ, ṣùgbọ́n tí ó ń tàn nígbà tí ó bá fún pọ̀, nítorí pé àwọn apá náà kò ráyè yí mọ́.

Ní ti ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ ń yí bí ó ti ń lọ, mólékù tí ó ní ẹ̀dà méjì bí ọwọ́ ọ̀tún àti òsì ló ń mú un wá. Bí ẹ̀dà kan ṣoṣo bá kó jọ, apá kan náà ni gbogbo wọn á lọ́ sí, ìmọ́lẹ̀ wọn á sì tẹ̀ lé e. Ìwọ̀n tí a fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ tí ó yí sí apá kan ṣe pọ̀ ju ti apá kejì lọ tó, kò lè ju 2 lọ. Mólékù tí ó dá wà kì í sábà dé 0.01, ṣùgbọ́n àkójọ tí ó tò dáadáa lè kọjá bẹ́ẹ̀.

Èlú kò sí lára wọn: mólékù aró rẹ̀ pẹlẹbẹ, kò ní ọ̀tún tàbí òsì, kíákíá sì ni agbára rẹ̀ ń di ooru.

Ará Ṣábẹ:
Ẹ̀gbọ́n ti ṣàlàyé dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ má tètè gba gbogbo iye tí ẹ bá rí gbọ́. Bí àkójọ náà bá gbẹ sórí dígí, ó lè tò sí ọ̀nà kan, kí ẹ̀rọ sì ka ìmọ́lẹ̀ tí kì í yí kún èyí tí ó ń yí. Ẹni tí ó ń wọ̀n ọ́n gbọ́dọ̀ yí dígí náà, kí ó tún wọ̀n. Bí iye bá yí padà, kí ó má tíì yọ̀. Kí ó sì wọn ẹ̀dà kejì, nítorí ibi tí ọ̀kan bá ti gòkè ni èkejì gbọ́dọ̀ ti lọ sílẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà.

Ọmọ Àjàṣẹ́:
Ẹ ṣé gan-an. Bí a bá da ẹ̀dà méjèèjì pọ̀ ní ìdajì-ìdajì ńkọ́?

Olùkọ́ Kétu:
Ó ṣì lè tàn, ṣùgbọ́n yíyí ti ọ̀tún á pa ti òsì, ìwọ̀n náà á sì di òdo.